Ọlọ́run Nìkan Ló Mọ̀: Títúmọ̀ eré àwòrán Jàpáánì kan tí ó ń sín eré ìfẹ́ orí kọ̀ǹpútà jẹ

Àkópọ̀. Kami nomi zo shiru sekai jẹ́ eré àwòrán aláwàdà láti Jàpáánì tí ó ń sín àwọn eré ìfẹ́ orí kọ̀ǹpútà jẹ. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo yẹ ibi mẹ́rin wò tí ìtumọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ti le: àkọlé, ọ̀rọ̀-ìṣe kan, ọ̀nà ìpè kan, àti àwọn ìpele ìfẹ́sọ́nà. Mo fi hàn pé níbi méjì nínú wọn, Yorùbá sún mọ́ èdè Jàpáánì ju Faransé lọ. Níbi tí ó ti jìnnà sí i, ìjìnnà náà fúnra rẹ̀ kọ́ wa ní nǹkan. Àkọtọ́ tí ìwé Nàìjíríà ń lò ni mo lò, kì í ṣe ti Benin tí ó ń kọ ɛ àti ɔ.

1. Ìbéèrè

Ifangni wà ní ẹkùn Plateau ní gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Benin. Ìgólò, tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, ni ẹnubodè tí ó dojú kọ Ìdírókò ní Nàìjíríà. Yorùbá àti Ègùn ni à ń sọ nílé. Faransé ni a fi ń kàwé. Faransé náà ni eré àwòrán Jàpáánì ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wa: yálà a fi ohùn Faransé rọ́pò ohùn àwọn òṣèré, tàbí a kọ Faransé sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ sọ ìtàn náà fún ìyá rẹ̀, Yorùbá ni yóò fi sọ ọ́.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀fẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn? Bí ó bá jẹ́ pé ó ń kú ni, a jẹ́ pé ohun tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn yóò máa jẹ́ ti Faransé nìkan, Yorùbá yóò sì di èdè tí a fi ń kí àgbà, tí a sì fi ń ná ọjà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán.

2. Ohun tí a ń sín jẹ

Ẹni tí kò mọ ohun tí a ń sín jẹ kò lè rẹ́rìn-ín sí ìsínjẹ. Àwọn eré ìfẹ́ orí kọ̀ǹpútà gbilẹ̀ ní Jàpáánì láàárín ọdún 1990 sí 1999. Dōkyūsei jáde ní 1992; Konami gbé Tokimeki Memorial jáde ní 1994. Ọmọkùnrin ilé-ìwé ni ẹni tí ń ṣe eré náà máa ń jẹ́. Ọmọbìnrin kan yóò bá a sọ̀rọ̀, ìdáhùn méjì tàbí mẹ́ta yóò hàn, òun yóò sì mú ọ̀kan. Ẹ̀rọ ń ka máàkì ní ìkọ̀kọ̀. Bí ìdáhùn bá tọ́, wọ́n á ní furagu dúró. Àsíá ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti yá a, níbi tí ó ti jẹ́ àmì tí ń sọ bóyá nǹkan ti ṣẹlẹ̀ tàbí kò tíì ṣẹlẹ̀. Bí àsíá bá pé, ọmọbìnrin náà yóò sọ pé òun fẹ́ràn rẹ̀, eré parí. Lójú onímọ̀ èdè, ìmọ̀ ìlò-èdè tí a sọ di ìṣirò ni èyí: gbogbo gbólóhùn ló ní iye.

Tamiki Wakaki ni ó kọ ìtàn aláwòrán tí mo ń sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ìròyìn Weekly Shōnen Sunday ní 2008, ó parí ní 2014, ó sì di ìwé 26. Ilé-iṣẹ́ Manglobe sọ ọ́ di eré àwòrán ní 2010, 2011 àti 2013, apá méjìlá méjìlá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Katsuragi Keima, ọmọ ilé-ìwé girama, ti borí nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún eré ìfẹ́, ṣùgbọ́n kò fẹ́ rí ọmọbìnrin gidi sójú. Lójú tirẹ̀, ayé gidi jẹ́ eré kan tí a kò ṣe dáadáa. Ànjọ̀nú kan tí ń jẹ́ Elsie gbọ́ òkìkí rẹ̀, ó sì rò pé àwọn ọmọbìnrin gidi ni ó ń borí. Ó bá a ṣe àdéhùn: àwọn ẹ̀mí kan ti sá kúrò ní ọ̀run àpáàdì, wọ́n sá pamọ́ sí àlàfo inú ọkàn àwọn ọmọbìnrin, ìfẹ́ ni ó sì lè dí àlàfo náà kí ẹ̀mí náà lè jáde. Bí wọ́n bá kùnà, orí àwọn méjèèjì yóò kúrò lọ́rùn. Keima wá ń fi ọgbọ́n eré dojú kọ ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ lára. Kì í ṣe àwọn ọmọbìnrin náà ni a fi ń ṣẹ̀fẹ̀. Ẹni tí a fi ń ṣẹ̀fẹ̀ ni ẹni tí ó rò pé ènìyàn kò ju ìdáhùn mẹ́ta tí a ó mú ọ̀kan nínú wọn.

3. Àkọlé: nomi zo àti nìkan ni

Ẹ jẹ́ kí a tú àkọlé náà palẹ̀. Kami ni òrìṣà tàbí Ọlọ́run. Nomi ni nìkan. Shiru ni mọ̀. Sekai ni ayé. Zo ni ó gba àlàyé. Wúnrẹ̀n àtijọ́ ni, ó máa ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ pe àkíyèsí sí. Àwa tí a kọ́ nípa gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́ mọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dáadáa: ni ni. Kami nomi zo shiru: Ọlọ́run nìkan ni ó mọ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan rí ìjókòó tirẹ̀, wọ́n sì tò tẹ̀ léra gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti tò ní èdè Jàpáánì. Ibi kan ṣoṣo tí a ti yàtọ̀ ni pé ayé gbẹ̀yìn lọ́dọ̀ wọn, ó ṣíwájú lọ́dọ̀ wa: ayé tí ó jẹ́ pé Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n. Faransé kò ní wúnrẹ̀n bẹ́ẹ̀. Ìwé tí Kana tẹ̀ ní Faransé pa àkọlé náà tì pátápátá, ó mú gbólóhùn tí ó jọ ti àdúrà Olúwa: Que sa volonté soit faite.

Ṣùgbọ́n Yorùbá pàdánù nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ kan náà, kami, ni Jàpáánì ń lò fún òrìṣà àti fún Ọlọ́run. Keima náà ni wọ́n ń pè ní kami, nítorí náà àkọlé ń tọ́ka sí Ọlọ́run, ó sì tún ń tọ́ka sí ọmọ ilé-ìwé tí ń ṣeré. Yorùbá kò gbà fún wa láti pe ọmọ ènìyàn ní Ọlọ́run nínú àwàdà, a ó ní láti pè é ní òrìṣà. Ìlọ́po ìtumọ̀ náà já síbẹ̀.

4. Otosu: ìfẹ́ kò ní kòtò

Orúkọ ìnagijẹ Keima ni Otoshigami. Otosu ni kí a mú kí nǹkan já bọ́. Kami di gami nítorí pé kọ́ńsónáǹtì ìbẹ̀rẹ̀ máa ń yí padà nínú ọ̀rọ̀ alákànpọ̀. Àwọn oníṣeré tún ń lo kōryaku, ọ̀rọ̀ ogun tí ó túmọ̀ sí gbígba ìlú ọ̀tá.

Ní Yorùbá, kì í ṣe ènìyàn ni ó ń ṣubú sínú ìfẹ́. Ìfẹ́ ni ó ń rìn: ó wọ̀ mí lọ́kàn. Tàbí ọkàn ni ó ń rìn: ọkàn mi fà sí i. Ẹni tí ń wá ìyàwó ń dẹnu ìfẹ́ kọ ọmọbìnrin, ẹnu ni ó ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá fi fà mọ́ra túmọ̀ otosu, Keima di olólùfẹ́ bí àwọn yòókù, ẹ̀fẹ̀ sì kú. Bí mo bá lo gbé ṣubú, olùgbọ́ lè gbọ́ ọ bí ẹni pé a fi agbára mú ọmọbìnrin, èyí tí kò sí nínú ìtàn náà.

Ọ̀rọ̀ tí mo dábàá wá láti ìdí ọpọ́n ayò. A máa ń pa ènìyàn láyò. Ẹni tí ó borí ni ọ̀ta, ẹni tí wọ́n borí ni ọ̀pẹ. Ọ̀ta a máa ka ọmọ ayò sílẹ̀ kí ó tó ta á, a sì máa fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́ lójú èrò. Bí Keima ti rí gan-an nìyẹn. Mo pè é ní Òrìṣà Ọ̀ta. Ìṣubú ti lọ, ṣùgbọ́n ìṣirò, eré àti ìgbéraga dúró. Bí ẹnìkan bá sì gbọ́ pé ó fẹ́ pa ọmọbìnrin kan láyò, ara rẹ̀ yóò kọ̀ ọ́ díẹ̀, yóò sì rẹ́rìn-ín. Ohun méjèèjì náà ni eré yìí ń fẹ́.

5. Àbúrò tí ó ti lo 300 ọdún

Elsie ti lo nǹkan bí 300 ọdún láyé. Síbẹ̀, nígbà tí ó wọ ilé Keima, tí ó ń ṣe bí ọmọ bàbá rẹ̀, Kami-nii-sama ni ó ń pè é: òrìṣà, ẹ̀gbọ́n-ọkùnrin, àti ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tí ó ga. Lójú oníFaransé, ẹ̀fẹ̀ lásán ni pé arúgbó ń pe ọmọdé ní grand frère.

Yorùbá ní ìdí kan tí Faransé kò ní. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí ṣàlàyé nínú The Invention of Women, tí ó jáde ní 1997, pé nínú agboolé Yorùbá, ìgbà tí ènìyàn wọlé ni a fi ń ka ipò ìyàwó, kì í ṣe ọjọ́ orí rẹ̀. Ọmọ tí ìyàwó bá nílé, kódà bí ó kéré, ọkọ rẹ̀ ni, kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Nípa ìlànà yìí, Elsie tọ̀nà: ó bá Keima nílé ni. Ẹ̀gbọ́n mi, pẹ̀lú ẹ dípò o, ti tó láti gbé nii àti sama. Ẹ̀gbọ́n kò sọ pé ọkùnrin ni, ṣùgbọ́n ojú ìwòran ti rí i.

6. Alárinà, àrokò, ìṣíhùn

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún ìyá àgbà mi ní Ifangni, ohun tí ó kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ta ni alárinà wọn?” Ìbéèrè náà tú eré náà palẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ìwé lọ. Elsie ni alárinà. Òun ni ohun ìdè orí rẹ̀ ń ké nígbà tí ẹ̀mí bá wà nítòsí. Òun ni ó ń wádìí ọmọbìnrin náà.

Ìfẹ́sọ́nà Yorùbá àtijọ́ náà ní ìpele àti àmì tí ìdáhùn wọn ti wà nílẹ̀. Owó ẹyọ mẹ́fà nínú àrokò ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, nítorí ẹ̀fà àti fà jọ dún. Mẹ́jọ ni ìdáhùn, pé a jọra, nítorí ẹ̀jọ àti jọ. Àsíá ni èyí, a kàn fi okùn so ó ni. Lẹ́yìn náà ni ìṣíhùn, ẹ̀bùn tí a fi ń ṣí ohùn ọmọbìnrin, àti ìjọ́hẹn, tí ó ti inú jẹ́ hẹn wá.

Ìtàn Shiori, olùtọ́jú ìwé ní ilé-ìkàwé ilé-ìwé náà, ni mo fi ń ṣàlàyé ìṣíhùn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó tó yan èyí tí yóò sọ, ẹni tí ó ń bá a sọ̀rọ̀ ti lọ. Keima kọ nǹkan sínú ìwé ilé-ìkàwé kí inú lè bí i, kí ó lè fọhùn. Iṣẹ́ ìṣíhùn ni ó ṣe, ṣùgbọ́n ìbínú ni ó fi ṣe é, kì í ṣe ẹ̀bùn.

Ibi tí ọ̀nà ti pínyà ni ìjọ́hẹn. Lọ́dọ̀ wa, ìdílé méjèèjì ni ẹlẹ́rìí. Nínú eré yìí, bí a bá ti mú ẹ̀mí náà tán, a ó pa ohun tí ọmọbìnrin náà rántí rẹ́. Ó jẹ́ hẹn, ṣùgbọ́n kò sí ẹlẹ́rìí, kódà òun fúnra rẹ̀. Eré ọdún 2013 dá lórí àṣìṣe inú ìṣirò yìí: àwọn kan nínú wọn kò gbàgbé. Chihiro fẹ́ràn Keima tọkàntọkàn. Keima fi ọ̀rọ̀ líle lé e dànù nígbà tí ó rí i pé kì í ṣe òun ni ó ń wá. Lópin eré náà, ọ̀ta yìí ń sunkún. Ẹyin lohùn, ẹ̀rọ ìpamọ́ kò lè dá a padà.

7. Àbọ̀

Mo dábàá ohun mẹ́ta. Ìkínní, kí àwọn tí ń kọ́ni ní gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́ máa fi nomi zo wé nìkan ni. Àfiwé náà yóò fi han akẹ́kọ̀ọ́ pé ni kì í ṣe c'est tí a kọ ní Yorùbá. Ìkejì, kí olùtumọ̀ kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ eré Yorùbá, bí ayò, kí ó tó yá ọ̀rọ̀. Ìkẹta, kí a máa tú irú ìtàn báyìí lójú àgbà àti ọ̀dọ́ pọ̀. Ọ̀dọ́ mọ furagu, kò mọ ìṣíhùn. Àgbà mọ ìṣíhùn, kò mọ furagu. Ẹni tí ó mọ ọ̀kan ti mọ bí èkejì ṣe ń ṣiṣẹ́ ná. Orúkọ rẹ̀ ni ó kù tí a ó sọ fún un.