Ṣé o mọ̀? Ẹnu ọ̀nà méjì ni FTP ń gbà

Láti ọdún 1971, nígbà tí Abhay Bhushan, ọmọ Íńdíà, kọ ìlànà FTP sílẹ̀, ni kọ̀ǹpútà ti ń fi í gbé fáìlì fún ara wọn. Àṣẹ ń gba ẹnu ọ̀nà (port) 21, fáìlì ń gba òmíràn. Ìdí nìyí tí firewall, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, fi lè jẹ́ kí o wọlé, kí fáìlì má sì kọjá. Tí èyí bá ṣẹlẹ̀, yan “passive” nínú ètò FTP rẹ: kọ̀ǹpútà tìrẹ ni yóò máa pe síta nígbà méjèèjì.

Èyí tó burú jù ni pé FTP kì í bo páswọ́ọ̀dù. Gbangba ló ń gbé e lọ, bí ẹni tó ń ka owó láàárín ọjà. TFTP, ìlànà mìíràn tí ọ̀pọ̀ fi ń tọ́jú ẹ̀dà ètò firewall wọn, kì í tilẹ̀ bèèrè páswọ́ọ̀dù rárá! SFTP, tí òun náà ń gbé fáìlì, ló sàn. Ẹnu ọ̀nà 22 nìkan ló ń lò, ó sì ń bo ohun gbogbo.

Ẹ̀yin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ iléèwé àti ọ́fíìsì ní Odògbólú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti 21 pa, kí ẹ sì ṣí 22 fún àdírẹ́sì tí ẹ mọ̀ nìkan.