Ọṣẹ Tí A Fi Ń Gbẹ́ Ère

Ìwẹ̀ àti ìfọṣọ ni gbogbo ènìyàn mọ ọṣẹ mọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọlọ́nà lè sọ ọ́ di ẹyẹ, ẹja tàbí òdòdó. Igi àti òkúta ń fẹ́ agbára àti irinṣẹ́ púpọ̀. Ní ti ọṣẹ, ọ̀bẹ kékeré kan tó.

Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1924, ilé-iṣẹ́ Procter & Gamble, tí ó ń ṣe ọṣẹ funfun Ivory, dá ìdíje ère ọṣẹ sílẹ̀. Edward Bernays ni ó bá wọn dá ọgbọ́n náà. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọdé kórìíra ọṣẹ, nítorí pé ó máa ń ta wọ́n lójú. Ó ní bí ọmọ bá ń fi ọṣẹ ṣeré, yóò fẹ́ràn rẹ̀. Ìdíje náà wọ ilé-ẹ̀kọ́, ó sì pẹ́ ju 30 ọdún lọ. Ilé-iṣẹ́ ta ọjà rẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọwọ́ tí ọmọ kọ́ di ti ọmọ.

Ní orílẹ̀-èdè Thailand, àwọn ènìyàn mọ èso àti ẹ̀fọ́ fín dáadáa. Wọ́n ń fín ọṣẹ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n sì ń tà á fún àwọn àlejò. Èso a máa jẹrà. Òdòdó ọṣẹ a máa pẹ́, òórùn dídùn rẹ̀ a sì wà lára rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó wá ọṣẹ tí kò tíì gbẹ, nítorí pé ọṣẹ gbígbẹ a máa sán. Kí ó kọ́kọ́ ha orúkọ tí ó wà lára rẹ̀ kúrò. Kí ó fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ ya àwòrán sí i. Lẹ́yìn náà, kí ó máa gé e díẹ̀díẹ̀, kí ó má ṣe kọ ojú ọ̀bẹ sí ọwọ́ tí ó di ọṣẹ mú. Ibi tí ó tínrín, bí ọrùn ẹyẹ, ni kí ó gbẹ́ kẹ́yìn. Bí iṣẹ́ bá parí, kí ó fi ìka tútù pa á lára kí ó lè dán. Kí ó má ṣe da èérún nù: bí a bá fi omi díẹ̀ rin ín, tí a sì fún un pọ̀, ọṣẹ ni yóò tún dà.

Àwọn agbẹ́gilére tí ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu mọ òfin kan: ohun tí a bá ti gé kúrò kò ṣe é lẹ̀ padà. Òfin kan náà ni ọṣẹ fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ó ń fojú àánú wò ó. Igi tí a gbẹ́ bàjẹ́ di igi ìdáná. Ère ọṣẹ tí ó bàjẹ́ ṣì wúlò fún ìwẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rù láti gbìyànjú.