Kí Ni Màlúù Máa Jẹ Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn?

Ní oṣù kejì ọdún tó kọjá, màlúù kan kú mọ́ àbúrò bàbá mi lọ́wọ́. Dádì Ìmọ̀ta là ń pè é nílé wa, torí pé Ìmọ̀ta, lọ́nà Ìkòròdú, ló ń gbé. Màlúù náà jẹun láàárọ̀. Kó tó di ọ̀sán, ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó gbọ̀n, ó ṣubú. Àwọn ará àdúgbò ní ayé ló ṣe é. Ayé kọ́ o. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù ni, agbọ̀n méjì gbáko, tí wọ́n kó wá láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàárì.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 tí ìjọba Èkó ti fi òfin de dída ẹran jẹ̀ káàkiri, ẹni tó bá ní màlúù gbọ́dọ̀ sé e mọ́ ibì kan, kó máa gbé oúnjẹ lọ bá a. Nígbà òjò, ìyẹn ò le, èèsún pọ̀ létí odò. Ṣùgbọ́n tó bá ti di oṣù kejìlá, tí ọyẹ́ dé, èèsún á gbó, á le bí igi. Lókè òkun, òtútù àti yìnyín ló ń lé màlúù kúrò ní pápá, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ sì ti kó koríko pamọ́ kó tó dé. Tiwa, oòrùn ni, a kì í sì í kó nǹkan kan pamọ́.

Inú ṣàkì ni wàhálà náà wà. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣàkì yẹn náà tí ẹ ń bá nínú ẹ̀fọ́ rírò. Màlúù fúnra rẹ̀ ò lè da koríko. Àìmọye kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú ṣàkì ló ń bá a dà á. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń pọ koríko padà sẹ́nu, tó ń jẹ àpọ̀jẹ: ó ń lọ̀ ọ́ kúnná fún wọn ni. Tó bá yá, á da àwọn kòkòrò yẹn alára, wọ́n á di púrótéènì fún un. Ṣùgbọ́n àwọn náà ní láti jẹun. Tí púrótéènì inú koríko bá ti wálẹ̀ ju nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 lọ, bó ṣe máa ń rí lára koríko gbígbẹ, iṣẹ́ wọn á falẹ̀. Koríko á jókòó sínú ikùn, àyè ò sì ní sí fún òmíràn. Ẹ ó rí màlúù tí ikùn rẹ̀ yọ gbẹ̀ǹdù, tí egungun ìhà rẹ̀ hàn síta. Ikùn kún, ebi ń pa á.

Torí náà, kì í ṣe pé kí a ṣáà wá nǹkan tó máa kún ikùn. Àwọn kòkòrò yẹn la fẹ́ bọ́.

Ẹ mọ igi àgúnmánìyẹ̀, àbí? Èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà, tí òdòdó rẹ̀ máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú nígbà ọyẹ́. Púrótéènì inú ewé rẹ̀ lé ní ìdá 20 nínú 100. Láti bí ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ ILCA n'Íbàdàn ti ń gbìn ín sáàárín àgbàdo, kí ewúrẹ́ àti àgùntàn lè rí nǹkan jẹ. Wàhálà kan wà níbẹ̀: tí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbà tí ẹ nílò rẹ̀ gan-an. Ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ nígbà tí òjò bá ń parí lọ, yóò rú ewé tuntun. Òórùn rẹ̀ kì í kọ́kọ́ bá màlúù lára mu, nítorí náà ẹ jẹ́ kó rọ díẹ̀ kí ẹ tó gbé e fún un. Kó má sì ju ìdá kan nínú mẹ́ta oúnjẹ rẹ̀ lọ.

Èèsún náà ṣeé fi pamọ́, bí ẹ bá gé e nígbà tó ṣì tutù. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ kì í sínú àpò ọ̀rá, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí atẹ́gùn á fi jáde tán, ẹ so ó pa. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti kan. Irú kòkòrò tó ń mú ògì kan náà ló ń mú un kan, kíkan yẹn ni kì í jẹ́ kó bàjẹ́. Tí atẹ́gùn bá wọlé, ó bu nìyẹn.

Èèpo ẹ̀gẹ́ wá ńkọ́? Agbára pọ̀ nínú rẹ̀, púrótéènì ni kò pọ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ tó léwu ni linamarin, tó máa ń di sáyánáìdì tí èèpo bá fọ́. Nínú màlúù, àwọn kòkòrò inú ṣàkì yẹn náà ló ń tètè tú u sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á gbé atẹ́gùn dé, ṣùgbọ́n ara ò ní lè lò ó. Bí màlúù Dádì Ìmọ̀ta ṣe kú nìyẹn, pàápàá torí pé ebi ti ń pa á tẹ́lẹ̀, ó jẹ ẹ́ wàwà.

Ọ̀nà àbáyọ ò jìnnà. Àwọn onímọ̀ ILRI n'Íbàdàn ń rin èèpo náà bí ìgbà tí a ń ṣe gàárì, wọ́n ń fún omi rẹ̀, wọ́n ń tú u, wọ́n ń sá a sóòrùn. Sáyánáìdì á bá omi àti afẹ́fẹ́ lọ. Nǹkan bí tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù máa ń di tọ́ọ̀nù kan gbígbẹ, ó sì lè gbẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Tí a bá kàn sá èèpo sílẹ̀ láìrìn ín, ó tó ọjọ́ méjì mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ó lè bu. Ní ti oòrùn, ẹ̀ẹ̀rùn ò ní já wa kulẹ̀.

Ẹnì kan bi mí bóyá a ò lè lo ewéko aláwọ̀ àlùkò tó máa ń dí ojú omi ní Èbúté Ìkòròdú. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì ń fa ìdọ̀tí irin láti inú ọ̀sà sára. Yàtọ̀ síyẹn, tí omi iyọ̀ bá wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń kú. Èmi ò ní gbára lé e.

Màlúù mẹ́fà ló kù lọ́dọ̀ Dádì Ìmọ̀ta. Lọ́jọ́ Àìkú, tí àwọn ìyá onígàárì kì í ṣiṣẹ́, ó máa ń yá ẹ̀rọ àti jáàkì wọn. Nígbà tí mo lọ síbẹ̀ ní oṣù kìíní, àwọn ẹran náà dùbúlẹ̀ lábẹ́ ibòòji, wọ́n ń jẹ àpọ̀jẹ. Ó tú àpò èèsún kan, ó ní kí n gbóòórùn rẹ̀. Ògì ni, kò sí ìyàtọ̀.