Ìlànà Ìṣirò fún Ìṣàn Odò: Omi Ìpamọ́ àti Odò Yewa Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Ìfáàrà
Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Iṣẹ́ yìí dá lórí bí a ṣe lè fi ìṣirò tọpa orísun omi tí ń ṣàn nínú odò nígbà tí òjò kò rọ̀. Odò Yewa, èyí tí a fi sọ àwọn Ẹ̀gbádò lórúkọ ní ọdún 1995, ni àpẹẹrẹ wa.

Omi Ìpamọ́ ní Ilẹ̀ Olótùútù
Ní ilẹ̀ olótùútù, yìnyín orí òkè ni omi ìpamọ́. Odò Indus ní Éṣíà ń rí omi púpọ̀ gbà láti ara irú yìnyín bẹ́ẹ̀. Ìlànà kan tí ó rọrùn ni pé kí a mọ iye tí ooru ọjọ́ kọ̀ọ̀kan fi ju 0°C lọ, kí a sì fi iye omi tí ìwọ̀n ooru kan ń yọ́ sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ìwọ̀n kan bá ń yọ́ mìlímítà 5 lójúmọ́, ọjọ́ tí ooru rẹ̀ jẹ́ 4°C yóò yọ́ mìlímítà 20.

Omi Ìpamọ́ ní Ilẹ̀ Yewa
Kò sí irú yìnyín yìí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ilẹ̀ ni àmù tiwa. Ní agbègbè Ìlaròó, iyanrìn àti òkúta oníyanrìn a máa fa omi òjò mu, wọn a sì máa tú u sílẹ̀ sínú odò díẹ̀díẹ̀. Ní ìhà àríwá, lápá Ìmẹ̀kọ, àpáta líle sún mọ́ ojú ilẹ̀. Nítorí náà, àyè ìpamọ́ omi kéré níbẹ̀.

Ìlànà ìṣirò tí ó bá èyí mu ni Q = Q₀ × kᵗ. Q₀ dúró fún ìṣàn odò nígbà tí òjò dáwọ́ dúró; t ni iye ọjọ́ tí ó ti kọjá; k ni ìdá tí ó ń ṣẹ́kù lójoojúmọ́; Q sì ni ìṣàn tí a ń wá. Ẹ jẹ́ kí a mú Q₀ ní 100. Bí k bá jẹ́ 0.98, ìṣàn náà yóò ku nǹkan bíi 16 lẹ́yìn 90 ọjọ́. Bí k bá jẹ́ 0.95, yóò ku nǹkan bíi 1 péré. Àpèjúwe lásán ni àwọn òǹkà wọ̀nyí, wọn kì í ṣe ìwọ̀n Odò Yewa. Ṣùgbọ́n wọ́n fi hàn pé ìyàtọ̀ kékeré nínú k tó láti pààlà sáàárín abúlé tí ń pọn omi nínú oṣù Èrèlé àti èyí tí ń gbẹ́ ìsàlẹ̀ odò kí ó tó rí omi bù.

Àgbálọgbábọ̀
Yìnyín tí ń tán lọ a máa kọ́kọ́ mú kí odò kún sí i, kí ó tó wá fà. Ti ilẹ̀ fẹ́ jọ èyí: ibi tí a bá tẹ̀ pa tàbí tí a da kankéré bò, àgbàrá ni òjò ibẹ̀ ń dà, àmù abẹ́ ilẹ̀ kò sì ní kún. Kíkún odò lásìkò òjò kò wá tó ohun tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a máa wọn ìṣàn odò lójoojúmọ́ láti oṣù Ọ̀pẹ títí dé Èrèlé. Ìṣàn tòní tí a bá fi ti àná pín ni yóò sọ k tiwa fún wa.