Kí ẹ tó ra kíbọ́ọ̀dù fún ọmọ yín: Ohun tí ilé onílù àti ilé oníkora ti mọ̀ tipẹ́

Ọmọ ọdún 5 ni Toumani Diabaté, ọ̀gá nínú kora títa láti orílẹ̀-èdè Mali, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan ohun èlò náà. Bàbá rẹ̀, Sidiki Diabaté, náà jẹ́ ọ̀gá tí òkìkí rẹ̀ kàn. Síbẹ̀, Toumani, tó jáde láyé ní oṣù Keje ọdún 2024, sọ nígbà ayé rẹ̀ pé bàbá òun kọ́ ló jókòó ti òun kọ́ òun. Ó ń gbọ́ ọ ni, nínú ilé àti nínú àwo tí bàbá rẹ̀ ṣe, ó sì ń fi ìka ara rẹ̀ wá ohun tó gbọ́.

Ọ̀pọ̀ òbí lóde òní, ì báà jẹ́ ní Èkó, Accra tàbí Cotonou, ibi tó yẹ kí wọ́n parí sí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ ra kíbọ́ọ̀dù olówó gọbọi, wọ́n á wá tíṣà tí yóò máa wá ní ọjọ́ Sátidé. Kò ní pẹ́, kíbọ́ọ̀dù á di ohun tí eruku ń bò, wọ́n á ní ọmọ ò ní ẹ̀bùn. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí orin ò tíì kún etí rẹ̀, tí a wá gbé ìwé orin síwájú rẹ̀, dà bí ẹni tí wọ́n ń kọ́ ní ìwé kíkà ní èdè tí kò gbọ́ rí.

Ta ló ń gbé ìyáàlù kọ́ ọmọdé lọ́rùn?

Ẹ wo ilé àwọn Àyàn. Láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni ọmọ onílù ti ń gbọ́ dùndún. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó ìlù gbé, kò sí ẹni tó máa gbé ìyáàlù fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìlù kéékèèké ni wọ́n sábà máa ń fún un: ó lè jẹ́ gúdúgúdú nínú ọ̀wọ́ dùndún, tàbí omele nínú ọ̀wọ́ bàtá.

Gúdúgúdú kì í sọ̀rọ̀ bí ìyáàlù. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n fi ń lù ú, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa dún geere, kó má yẹ̀, kí ìyáàlù lè rí ibi gbé ẹsẹ̀ lé. Tí ọmọ yẹn bá ṣi ọwọ́ lù, gbogbo àgbà tó yí i ká ló máa mọ̀. Ohun tó wù mí jù nínú ètò yìí nìyẹn: iṣẹ́ ọmọ náà kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n nílò rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì àti ààwẹ̀ náà ti ṣe irú iṣẹ́ yìí. Inú ẹgbẹ́ akọrin ọmọdé ní Cathedral Church of Christ l'Ékòó ni Fela Sowande wà, lábẹ́ T.K.E. Phillips, kó tó di ìlúmọ̀ọ́ká nídìí dùùrù. Sikiru Ayinde Barrister kò tíì bàlágà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ wéré, orin tí wọ́n fi ń jí àwọn Mùsùlùmí ní sààrì. Inú rẹ̀ ni fújì ti jáde.

Dò rè mí ti wà lẹ́nu rẹ̀

Ọmọ tó bá ń sọ Yorùbá ti ní ohùn mẹ́ta kó tó rí ohun èlò kankan. Ẹ ní kó pe igba, igbá, ìgbà àti ìgbá, kó tún wá kùn wọ́n láì ya ẹnu. Rè-rè, rè-mí, dò-dò àti dò-mí ni yóò gbọ́. Ohun tí dùndún ń ṣe náà nìyẹn: onílù á fún ọsán, ohùn á lọ sókè, á dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Fún òbí tó wà ní Abidjan tàbí Niamey, tí ọmọ rẹ̀ gbọ́ Faransé ju Yorùbá lọ, gángan kékeré kan lè ran èdè náà lọ́wọ́.

Ṣé ọmọ onílù nìkan ló wà fún?

Igbá ńlá tí wọ́n là sí méjì, tí wọ́n fi awọ màlúù bò, ni kora. Okùn 21 ló ní. Láàárín àwọn Mandinka àti àwọn ẹ̀yà tó bá wọn tan ní Gambia, Senegal, Mali àti Guinea, ìdílé bíi Diabaté, Jobarteh, Kouyaté àti Sissoko ló ń ta á, bàbá ló sì máa ń kọ́ ọmọkùnrin rẹ̀.

Sona Jobarteh, tí wọ́n bí ní London ní 1983, wà lára àwọn obìnrin àkọ́kọ́ láti irú ìdílé bẹ́ẹ̀ tó fi kora ṣe iṣẹ́ ṣe. Ọmọ ọdún 4 ni nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Tunde Jegede, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Bàbá Tunde kì í ṣe Mandinka o, ọmọ Èkìtì ni. Ọ̀dọ̀ Amadu Bansang Jobarteh, bàbá àgbà Sona, ni Tunde ti kọ́ kora. Ní 2015, Sona dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Gambia, níbi tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ ohun èlò ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú ìmọ̀ ìwé.

Nílé tiyín ńkọ́?

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo tàbí àtẹ́wọ́ lásán tó ọmọ ọdún 3. Ẹ kọrin, kó máa gbè é. Tó bá ti lè di ọwọ́ kan mú láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin, ó ti ń kọ́ṣẹ́ nìyẹn. Ẹ yá ohun èlò lò kí ẹ tó rà á. Ẹ má gbé gìtá àgbà fún ọmọ ọdún 6 tí ọwọ́ rẹ̀ ò lè yí ọrùn rẹ̀ ká; èyí tó kéré wà lọ́jà. Ìṣẹ́jú 10 lójoojúmọ́ dára ju wákàtí 2 ní Sátidé lọ. Ẹ má sì jẹ́ kó jókòó ti gbohùngbohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí lóde àríyá, nítorí ariwo ńlá ń ba etí jẹ́.

Tẹ́ ẹ bá ń wá tíṣà, ẹ wo ẹni tó ń bá ọmọ lù ú, kì í ṣe ẹni tó dúró tì í pẹ̀lú pàṣán. Tí ọmọ bá sì ní òun fẹ́ fi ìlù sílẹ̀ gba fèrè, ẹ jẹ́ kó gbìyànjú rẹ̀ wò. Sona tó ń ta kora yìí kọ́ sẹ́lò náà ní Royal College of Music ní London.