"Ìgò Ńkọ́?": Owó Kékeré Tó Ń Dá Ìgò Padà Sílé

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2025 tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òun yóò máa fi ọwọ́ líle mú òfin ike àlòsọnù, ọ̀rọ̀ ife ike, sítúrọ́ọ̀ àti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló gba ẹnu gbogbo èèyàn kan. Èyí tó gba ọkàn tèmi ni ohun tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ ohun tí òfin náà dè: ìgò oníke tí wọ́n fi ń ta mínírà. Bẹ́ẹ̀ òun ni ojú wa ń rí jù nínú gọ́tà bí òjò bá ti dá.

Ìgò mínírà kì í sùn sí gọ́tà nígbà kan. Bí wọ́n bá rán ọmọ lọ ra mínírà fún àlejò, ìgò òfìfo ni yóò kọ́kọ́ mú dání. Bó bá gbàgbé rẹ̀, kí ó tó kí ìyá ọlọ́jà tán ni yóò gbọ́ ọ: "Ìgò ńkọ́?" Ẹni tí kò bá ní ìgò, kó fi owó ìgò sílẹ̀, tàbí kó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù kó mu ún tán.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé owó ìgò ni iye tí wọ́n ń ta ìgò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nínú ìgò la rà. Ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́ ló ṣì ni ìgò. Ìdógò ni owó yẹn. Ìyá ọlọ́jà náà ti fi owó tirẹ̀ dógò lọ́dọ̀ ẹni tó ń kó ọjà fún un, onítọ̀hún sì ti fi tirẹ̀ dógò lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí owó òun há sọ́nà, nítorí náà ọwọ́ dé ọwọ́ ni ìgò fi ń padà sílé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fi omi gbígbóná àti sódà líle fọ̀ ọ́, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti sán, wọ́n á tún rọ ọtí sí i. Ìgò tí ò bá fọ́ lè lọ kó bọ̀ ju ogún ìgbà lọ. Ẹ rántí òrùka funfun tó máa ń yí èjìká ìgò àtijọ́ ká? Ara tí àwọn ìgò ń fi ha ara wọn lẹ́nu ẹ̀rọ ló ń dá àpá yẹn sí wọn lára. Bó bá ṣe funfun tó ni ìrìn àjò rẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Ìdógò yìí ti pẹ́. Ní Dublin, ní nǹkan bí ọdún 1800, ilé iṣẹ́ kan tó ń ta omi sódà ti ń san owó fún ẹni tó bá dá ìgò padà. Omi sódà yẹn gan-an ni orúkọ mínírà ti wá. Omi ìsun tó ń hó fúnra rẹ̀ látinú ilẹ̀, tó kún fún èròjà inú àpáta (mineral), làwọn Òyìnbó ń mu bí oògùn; òun ni omi sódà ń fara wé. Joseph Priestley, tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìpọntí ní Leeds, ló rí i ní ọdún 1767 pé afẹ́fẹ́ tó ń bo orí bíà tó ń hó lè wọnú omi lásán, kí omi náà sì máa ta lẹ́nu. Bíà ló bí mínírà, a lè sọ bẹ́ẹ̀. Ìyọnu tó kù ni bí wọn yóò ṣe sé afẹ́fẹ́ náà mọ́ inú ìgò, William Painter ará Baltimore ló sì yanjú rẹ̀ ní 1892 pẹ̀lú ìdérí irin eléyín wẹ́wẹ́. Eyín mẹ́rìnlélógún ló ní nígbà náà; mọ́kànlélógún ló kù báyìí. Ìdérí yìí náà ni a kó lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti fi kọ́ ìṣirò.

Lọ́dọ̀ tiwa, bíà Star jáde ní Èkó ní 1949, wọ́n dá ilé iṣẹ́ tó ń rọ Coca-Cola sílẹ̀ ní 1951, ìgò 7Up àkọ́kọ́ sì jáde ní Ìjọra lọ́jọ́ òmìnira gan-an, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1960. Inú ìgò tó ń padà sílé ni gbogbo wọn wà.

Nígbà náà ni ike dé. Nathaniel Wyeth ló gba ẹ̀tọ́ ìgò oníke tó lè gba agbára afẹ́fẹ́ mọ́ra ní 1973. Ó fúyẹ́, kì í fọ́. Mi ò lè bá àwọn ìyá ọlọ́jà wí pé wọ́n gbà á tayọ̀tayọ̀: owó orí kéréètì òfìfo kì í ṣe kékeré fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ọjà, bí ọmọ bá sì fọ́ ìgò kan, èrè ọjọ́ náà lè bá a lọ. Ilé iṣẹ́ pàápàá bọ́ lọ́wọ́ kíkó àti fífọ̀. Àmọ́ ìdógò bá ìgò lọ.

Àwọn àgbà ṣì ń sọ pé ti inú ìgò dùn ju ti inú ike lọ. Òótọ́ ni pé afẹ́fẹ́ máa ń yọ́ jáde lára ike díẹ̀díẹ̀, tí kì í sì í gba ara ìgò jáde. Bóyá ahọ́n lè mọ ìyàtọ̀ nínú ike tí kò tíì pẹ́ lórí àtẹ, ìyẹn ni mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Ní ti ìdógò tó bá ìgò lọ, Jámánì fi í lé ìgò àlòsọnù náà ní 2003. Sẹ́ǹtì márùndínlọ́gbọ̀n ni lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èrò tèmi ni pé irú rẹ̀ lè ṣe wá láǹfààní ju kí a kàn fòfin de ike. Mi ò ní ká padà sí ìgò pátápátá, torí ìgò wúwo, epo tí ọkọ̀ ń jó láti gbé òfìfo padà láti ọ̀nà jíjìn kì í ṣe díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣa ike kiri ìgboro ti fi hàn wá pé bí owó bá wà lórí rẹ̀, bó ti wù kó kéré, ẹnì kan yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mú un. Ọ̀dọ̀ ta ni owó náà yóò máa wà? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí.

Ní ilé ọtí, wọn ò tíì gbàgbé. Kí oníbàárà tó dìde, wọn á ka ìgò orí tábìlì. Lálẹ́, wọn á tò wọ́n sínú kéréètì lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí ọkọ̀ tó ń kó ọtí tuntun bọ̀ láàárọ̀ lè bá wọn níbẹ̀.