Ìpè Adáàlà àti Ìpè Afidandanlé nínú Bíríìjì

Ẹni tí ó bá ti ná ọjà rí ní Ifọ̀ yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí. Oníbàárà tí ó ní, ‘Iye tí mo ní nìyí,’ ti dá ààlà fún ara rẹ̀. Ìpinnu kù sọ́wọ́ ọlọ́jà. Nínú ètò ìpè tí ó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó fi ‘oókan láìsí olórí’ ṣí ìpè ń sọ pé máàkì 15 sí 17 ni òun ní nínú 40. Ẹnìkejì rẹ̀ ni yóò ṣírò bóyá àpapọ̀ wọn tó nǹkan bíi 25 tí géèmù ń fẹ́; ó lè dákẹ́. Ṣùgbọ́n ‘kílọ́ọ̀bù méjì’, tí í ṣe ìpè ọwọ́ máàkì 22 sókè, fi dandan lé e láti fèsì, bí kò tilẹ̀ ní máàkì kan. Mo rí i pé ibí ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà jù: bí ó bá dákẹ́, ọwọ́ tí ó lágbára jù lórí tábìlì yóò há sínú kílọ́ọ̀bù, bóyá pẹ̀lú káàdì kílọ́ọ̀bù kan péré.